Ẹsẹ̀ ìyá mi ń wú, ọwọ́ wọn náà ń le: kí ló lè fà á?

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn nípa ìyá rẹ̀. Ẹni ọdún 62 ni ìyá náà, wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, orí ìjókòó ni wọ́n sì máa ń wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ń wú. Tó bá fi máa di alẹ́, sálúbàtà tí wọ́n wọ̀ jáde kì í gbà wọ́n mọ́. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀, ọwọ́ wọn a le, òrùka ìgbéyàwó kò sì ṣeé yọ. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń jẹ́ amlodipine, èyí tí dókítà gbé láti miligíráàmù 5 sí 10 ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n tún ń ra oògùn orúnkún ní kẹ́mìsì. Oníkẹ́mìsì náà fún wọn ní Lasix, oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀ dáadáa. Wíwú náà wálẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún padà dé. Àwọn aládùúgbò ní wọ́n ti tẹ nǹkan tí ayé gbé sọ́nà. Ọmọ wá ń béèrè: ṣé kíndìnrín ni, àbí ọkàn, àbí ohun tí àwọn aládùúgbò ń sọ?

Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, oògùn ni mo kọ́kọ́ fura sí: amlodipine tó di ìlọ́po méjì, àti oògùn orúnkún tí ẹ kò dárúkọ rẹ̀. Ìyẹn kò ní ká má yẹ kíndìnrín àti ọkàn wò. Ẹni ọdún 62 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dandan ni ká yẹ méjèèjì wò. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù tó bà yín pé kíndìnrín màmá ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wú, kí ẹ lè fojú ara yín wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gba inú àwọn iṣan tín-ín-rín kọjá, díẹ̀ nínú omi rẹ̀ máa ń yọ́ jáde sínú ẹran ara, á gbé oúnjẹ fún un, á sì padà sínú iṣan. Apá kan ń gba ọ̀nà mìíràn padà, àwọn ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kó omi ara jọ láti ìka ẹsẹ̀ títí dé àyà. Bí èyí tó ń jáde bá ju èyí tó ń padà lọ, omi á dúró sínú ẹran ara, ibẹ̀ á sì wú. Omi kì í dédé ṣàn lọ sókè, nítorí náà ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ hàn sí lára ẹni tó ń jókòó tàbí tó ń dúró. Lára ẹni tó wà lórí ibùsùn tọ̀sán-tòru, ìdí àti ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ló máa ń sọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ẹbí kì í sì í yẹ ibẹ̀ wò.

Kí ló ń mú kí omi jáde jù? Ó lè jẹ́ pé agbára tó ń tì í láti inú iṣan ti pọ̀ jù, bíi ti ìgbà tí ọkàn kò lágbára tó láti gba ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀. Ó lè jẹ́ pé albumin, purotéènì tó ń di omi mú sínú ẹ̀jẹ̀, ti dín kù: bóyá kíndìnrín ń dà á sínú ìtọ̀, bóyá ẹ̀dọ̀ kò ṣe é mọ́, bóyá oúnjẹ gidi ni kò sí. Ó lè jẹ́ pé iṣan ń jò nítorí egbò tàbí kòkòrò àrùn. Ó sì lè jẹ́ pé ojú ọ̀nà tí omi ń gbà padà ló dí.

Lálẹ́ òní, ẹ ní kí màmá jókòó kí wọ́n na ẹsẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn, ní nǹkan bí ìka mẹ́ta sókè ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí egungun wà lábẹ́ awọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ rọra ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá, kí ẹ tó gbé ọwọ́ kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jin, tí kòtò náà sì dúró síbẹ̀, omi ni. Bí ẹsẹ̀ bá wú tí kò jin, tí awọ rẹ̀ nípọn tó sì le, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, a ó kàn án níwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ mú téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, ẹ wọn ẹran ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ojúgun lọ́tùn-ún àti lósì níbi kan náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tóbi ju èkejì, ẹ má fi sùn.

Bóyá ẹsẹ̀ kan ló wú tàbí méjèèjì, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó kan gbogbo ara ni mo ń wá: ọkàn, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, oògùn, oyún, ìjókòó pípẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, inú ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń wò. Ti màmá yín jẹ́ méjèèjì, ọwọ́ sì tún wà ńbẹ̀. Ẹ padà sí oògùn pẹ̀lú mi.

Amlodipine jẹ́ oògùn tó dára. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára àwa ènìyàn dúdú, ó wà ní kẹ́mìsì gbogbo, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti ọkàn, kí ọ̀nà lè fẹ̀, kí agbára ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í tú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọjà tí wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ gbàgàdà tí wọ́n fi ti àbájáde sílẹ̀ ní tóóró: èrò á há mọ́ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń há mọ́ inú àwọn iṣan tín-ín-rín ẹsẹ̀, tí omi sì ń yọ́ jáde. Obìnrin ló máa ń ṣe jù. Bí iye oògùn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni wíwú náà ń pọ̀ sí i, ó sì máa ń burú ní ọwọ́ alẹ́, nígbà ooru, àti lára ẹni tó bá jókòó pẹ́. Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ kọ: obìnrin, láti 5 sí 10, orí ìjókòó láti àárọ̀ dalẹ́, wíwú tó bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù kan lẹ́yìn tí oògùn pọ̀ sí i. Nifedipine, tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà, máa ń ṣe bákan náà.

Ìdí nìyí tí Lasix kò fi lè yanjú rẹ̀. Kì í ṣe pé omi pọ̀ jù nínú ara ẹni tí amlodipine wú lẹ́sẹ̀. Ibi tí omi wà ni kò tọ́. Lasix á mú kí wọ́n tọ̀, ẹsẹ̀ á rọ̀ díẹ̀, òùngbẹ á máa gbẹ wọ́n, omi á sì tún padà sí ẹsẹ̀ torí ohun tó ń tì í jáde ṣì wà níbẹ̀. Lasix tún ń fọ potassium, èròjà kan tí iṣan ara àti ọkàn nílò, jáde nínú ara. Bí èyí bá lọ sílẹ̀ jù, pajápajá á máa mú wọn lẹ́sẹ̀ lóru, ara á rẹ̀ wọ́n láìnídìí, ọkàn sì lè máa lù gbùrà-gbùrà. Lasix jẹ́ oògùn ńlá fún ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń dá omi dúró. Dókítà ló yẹ kó kọ ọ́, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Oògùn orúnkún ló ń kọ mí lóminú jù. Diclofenac, ibuprofen àti piroxicam ni wọ́n sábà máa ń tà. Gbogbo wọn ló ń mú kí kíndìnrín dá iyọ̀ àti omi dúró sínú ara. Gbogbo wọn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ṣé ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yí po? Orúnkún ń dun màmá, wọ́n lo diclofenac, ẹ̀jẹ̀ wọn ru sókè, dókítà tí kò mọ̀ pé wọ́n ń lò ó sọ amlodipine di ìlọ́po méjì, ẹsẹ̀ wú, oníkẹ́mìsì kó Lasix lé e. N kò lè búra pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn nílé yín, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì ń dùn mí, torí oògùn kan ni a ń fi lé ìpalára oògùn mìíràn. Bí a bá wá fi diclofenac pọ̀ mọ́ Lasix, tí ẹni náà tún ń lo lisinopril tàbí losartan fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn mẹ́ta yìí lè da kíndìnrín tó ṣì ń ṣiṣẹ́ délẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàápàá bí ẹni náà kò bá mu omi tó tàbí tó ń ṣu gbuuru.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá irú àpò tí wọ́n ń kó oògùn náà sí. Bó bá jẹ́ ọ̀rá kékeré tí kò ní orúkọ lára, tí hóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin aláwọ̀ oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀, ẹ yẹ hóró kéékèèké inú rẹ̀ wò dáadáa. Prednisolone tàbí dexamethasone lè wà lára wọn. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ àgbo làkúrègbé. Ara máa ń yá lọ́jọ́ kejì, ìrora á fò lọ, oúnjẹ á máa wù wọ́n jẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún, ojú á sì rí roboto. Ilé á máa dúpẹ́ pé màmá ti ń sanra, láìmọ̀ pé oògùn náà ń dá iyọ̀ dúró, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń sọ egungun di aláìlágbára. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti ń lo irú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dá a dúró lójijì. Ara tó ti gbára lé e lè dákú. Ẹ kó o lọ fún dókítà kó sọ bí wọn ó ṣe máa dín in kù.

Oògùn mìíràn tún wà tó ń mú ẹsẹ̀ wú: pioglitazone tí àwọn onítọ̀ ṣúgà ń lò, pregabalin àti gabapentin tí wọ́n ń fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó o bí iná, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen.

Àmọ́ o, ẹ má ṣe tìtorí ohun tí mo sọ yìí gba amlodipine kúrò lọ́wọ́ màmá. Ẹsẹ̀ tó wú torí amlodipine kì í pa ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú ló ń fa rọpárọsẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ oògùn náà ni ká ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti kíndìnrín, ohun méjì ni kí ẹ wò nílé. Àkọ́kọ́ ni ojú: ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń jo purotéènì sínú ìtọ̀ sábà máa ń jí pẹ̀lú ìpéǹpéjú tó wú, ojú á sì máa rọ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń gòkè, tí ẹsẹ̀ á wá máa wú dípò rẹ̀. Èkejì ni ìtọ̀: bó bá ń hó, tí ìfófò rẹ̀ kò tètè kú, ẹ fura. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ló ń ba kíndìnrín jẹ́ jù láàárín àgbàlagbà. Ohun mìíràn tún wà tí mo máa ń bi àwọn obìnrin wa, àti ọkùnrin náà, láìfi dà wọ́n láàmú: kí ni wọ́n ń fi para? Àwọn ọṣẹ àti ìpara ìbóra kan ní mákúrì nínú, mákúrì náà ń gba awọ ara wọlé, ó sì ń jẹ kíndìnrín títí purotéènì á fi máa dà sínú ìtọ̀. Àwọn dókítà ti rí i lára àwọn obìnrin ní Nairobi láti àwọn ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbádùn nígbà tí wọ́n dẹ́kun ìpara náà. Bí ọmọdé bá ń jí pẹ̀lú ojú tó wú, ẹ má sọ pé oorun ló sùn jù. Ẹ gbé ìtọ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá bí ikùn àti ẹsẹ̀ bá tẹ̀lé e.

Ọkàn ní àmì tirẹ̀. Ẹ bi màmá pé ìrọ̀rí mélòó ni wọ́n fi ń sùn báyìí, àti pé mélòó ni wọ́n fi ń sùn lọ́dún tó kọjá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, bó bá sùn kalẹ̀, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró, èémí á há, á jí lóru á lọ jókòó sójú fèrèsé. Ìrìn tí kò ṣe é tẹ́lẹ̀ á máa mú un mí gúlegúle. Ikọ́ tó ń burú lóru lè bá a rìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á máa pe èyí ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àgbà tó dé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pẹ́ lára ló ti sọ ọkàn di ahẹrẹpẹ.

Àìsàn ọkàn tún lè kọ lu ọ̀dọ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Láti oṣù tó kẹ́yìn oyún títí di bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, ọkàn lè fẹ̀ kó sì rọ, kí ẹsẹ̀ wú, kí èémí máa há. Ní agbègbè Zaria, ní àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà rí i lọ́pọ̀lọpọ̀ lára àwọn ìyálọ́mọ Hausa, tí àṣà wọn jẹ́ kí wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ fún ogójì ọjọ́, kí wọ́n sùn sórí ibùsùn tí wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa mu ògì tó ní káún púpọ̀. Iyọ̀ ni káún ní ìdí rẹ̀, ó ń fa omi sára. Ooru sì ń fi kún làálàá ọkàn. Kì í ṣe káún nìkan ló ń fa àìsàn yìí, torí ó ń ṣe obìnrin ibòmíràn tí kò mọ káún. Síbẹ̀, ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń da káún sílá tàbí sẹ́wà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú.

Bí ẹ̀dọ̀ bá jẹ́ òun ni, ikùn ló sábà máa ń ṣáájú ẹsẹ̀. Ikùn á tóbi, funfun ẹyinjú á di àwọ̀ ọsàn pípọ́n, ara á máa gbẹ láti òkè. Kòkòrò jẹ̀díjẹ̀dí kọ́ ló ń fà á. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní Hepatitis B àti ọtí líle ni ó pọ̀ jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B wà, ọmọ ọwọ́ ń gbà á, àgbàlagbà tí kò tíì ní kòkòrò náà lè gbà á pẹ̀lú.

Ẹ dárí jì mí, màmá yín ti kọjá oyún, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á ka ìdáhùn yìí, mi ò sì ní fò ó. Kí ẹsẹ̀ aboyún wú díẹ̀ lálẹ́ kì í ṣe tuntun. Bí ọwọ́ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ bá wú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 nínú oyún, kí a má sọ pé ìbejì ló wà níkùn tàbí pé ọkùnrin ni yóò bí. Kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí orí ń fọ́ ọ tí kò dá, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn ún, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ilé àgbẹ̀bí tàbí ilé àdúrà. Ibẹ̀ ni gìrì aboyún ti ń wá, ó sì wà lára ohun tó ń pa ìyálọ́mọ jù ní Nàìjíríà. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ pẹ̀lú, kódà títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ń dá gìrì náà dúró, kò wọ́n, ó sì yẹ kó wà ní ilé ìwòsàn tó bá ń gbẹ̀bí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọwọ́. Ọwọ́ tó le láàárọ̀ tó sì ń rọ̀ kí oòrùn tó yọ dáadáa sábà máa ń jẹ́ pé ẹni náà sùn lé ọwọ́ yẹn, tàbí pé iyọ̀ oúnjẹ alẹ́ ti pọ̀. Bí oríkèé ìka bá wú gan-an, tó ń gbóná, tí kì í sì í rọ̀ títí ọ̀sán, aromọléegun ni kí a yẹ̀ wò. Ẹni tí ẹṣẹ́ ọrùn rẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní thyroid, kò ṣiṣẹ́ tó máa ń wú lójú, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, òtútù á máa mú un, ìgbẹ́ á máa le, ohùn á ki. Irú wíwú yìí ni ó máa ń kọ̀ láti jin tí a bá tẹ̀ ẹ́. Obìnrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún lè rí i pé apá ẹ̀gbẹ́ yẹn ń wú, torí ojú ọ̀nà omi ara ti gé lábẹ́ abíyá. Lára ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó wú lẹ́ẹ̀kan náà tí ọmọ ń ké bí a bá fọwọ́ kàn án lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí a ń pè ní SS. Kí òbí má ṣe fi òróró ra á lásán. Kí wọ́n ṣàyẹ̀wò irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ìyẹn genotype.

Kí ẹ yọ òrùka yẹn fún màmá nísinsìnyí, kí ọwọ́ tó wú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè orí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù pa ìka náà, kí ẹ máa yí òrùka náà wá síta díẹ̀díẹ̀, ẹ má fà á. Bí ìka bá ń ṣú tàbí tó ń kú, ẹ lọ gé òrùka náà. Wọn á so ó padà fún yín.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú ní ìtàn tirẹ̀. Bó bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà bá a wá, kòkòrò àrùn ló gba ojú egbò tàbí ààrin ọmọ ìka wọlé. Bó bá wú lójijì, tó ń dùn ní ẹran ẹsẹ̀, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìbímọ, tàbí ìrìn àjò gígùn, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2007 pé ìjókòó sójú kan nínú ọkọ̀ tàbí ọkọ̀ òfuurufú fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń sọ ewu yìí di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ pẹ̀lú òrí tàbí àdí. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ènìyàn lè ti ibẹ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ní ti pé wọ́n tẹ nǹkan, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ní jàbùtẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́ sí: ẹsẹ̀ á wú, á rọ̀, á tún wú, títí awọ á fi nípọn tí kò ní jin mọ́. Aràn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀fọn ń gbìn sára ló ń dí ojú ọ̀nà omi ara. Oògùn ivermectin àti albendazole tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún ní àwọn agbègbè wa ń dá a dúró. Orílẹ̀-èdè Togo ni àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí, ní 2017, pé jàbùtẹ̀ kì í ṣe ìṣòro ìlera gbogbo ìlú níbẹ̀ mọ́. Oògùn ni wọ́n fi ṣe é. Ti màmá yín kò jọ jàbùtẹ̀ rárá: ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń rọ̀ láàárọ̀, oògùn wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Bí àdúrà bá fọkàn wọn balẹ̀, ẹ bá wọn gbà á. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ tó wú; ojú gbẹ́rẹ́ ni kòkòrò ń gbà wọlé.

Bí màmá bá ń mí gúlegúle ní ìjókòó, tí àyà ń dùn wọ́n, tí wọn kò tọ̀ láti àárọ̀ títí alẹ́, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń dàrú, tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá sáré wú ju èkejì lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé. Ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà ni.

Bí kò bá sí ìyẹn, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Láti òní, kí wọ́n fi oògùn orúnkún sílẹ̀ tó bá jẹ́ diclofenac tàbí ẹbí rẹ̀. Paracetamol ni kí wọ́n fi rọ́pò, hóró méjì ti 500, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúmọ́, ìpara aporó sì wà tí wọ́n lè fi pa orúnkún. Kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan péré, Maggi, ẹja oníyọ̀ àti núdù sì wà nínú ìṣirò náà. Ní ìsọ̀, kí wọ́n máa dìde rìn yí ká ní wákàtí wákàtí, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè-sódò bí wọ́n bá jókòó. Ẹran ẹsẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí wọ́n bá délé, kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, kó ga ju àyà lọ, fún ìdajì wákàtí. Ẹ má tíì ra ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ pọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kì í bá ṣàn dé ẹsẹ̀ dáadáa, ó lè pa á lára, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ìlùkìkì ẹsẹ̀ wò.

Kí ẹ kó gbogbo ohun tí màmá ń gbé mì dání lọ síbẹ̀, tó fi mọ́ ọ̀rá oníkẹ́mìsì, ìgò àgbo àti Lasix. Kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì dókítà. Àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n ṣe kò pọ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ fún purotéènì, ẹ̀jẹ̀ fún iṣẹ́ kíndìnrín àti potassium, ṣúgà, albumin àti iṣẹ́ ẹ̀dọ̀. Bí èémí bá há rárá, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè dá amlodipine padà sí 5, kí wọ́n sì fi losartan tàbí lisinopril kún un, bí kíndìnrín bá gbà. Àwọn wọ̀nyí ń tú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà pẹ̀lú, wíwú sì máa ń dín kù nígbà tí wọ́n bá ti ara wọn lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ oògùn ló fà á lóòótọ́, ẹsẹ̀ màmá á ti máa rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn ìyípadà náà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò yí padà, ẹ padà lọ, kí wọ́n tún ọkàn àti kíndìnrín wò fínnífínní, bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tilẹ̀ dára.